Àríyá owó ilé: bí Harlem ṣe ń san gbèsè tí kò jẹ

Ilé tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ń mì, tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ yàrá àárín, tí eku ń bá onílé jẹun, ẹni tó bá rí i á ní owó rẹ̀ kò lè wọ́n. Èrò yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ní nípa Harlem, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú New York, ní àwọn ọdún 1920: wọ́n gbà pé àwọn tálákà ya lọ síbẹ̀ nítorí pé ilé ibẹ̀ pọ́ọ́kú. Irọ́ gbáà ni. Ilé Harlem wọ́n. Ó wọ́n ju ilé tí òṣìṣẹ́ òyìnbó ń gbé ní ìlú kan náà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé òyìnbó náà lè sàn jù ú. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ gba èyí gbọ́ kò ní lóye ohunkóhun nípa bí wọ́n ṣe ń gbé níbẹ̀, yóò sì máa rò pé àwọn àríyá tí wọ́n ń ṣe nínú pálọ̀ wọn lóròòru jẹ́ ìwà ọ̀lẹ àti àṣejù.

Ẹ jẹ́ ká fi iye sí i. Ní ìparí àwọn ọdún 1920, ìdílé òṣìṣẹ́ òyìnbó ní New York ń san nǹkan bíi dọ́là 6.67 lóṣù lórí yàrá kan. Ní Harlem, dọ́là 9.50 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú. Owó tó ń wọlé fún ìdílé Harlem tó nǹkan bíi 1,300 dọ́là lọ́dún. Ti ìdílé òyìnbó tó 1,570. Bí ilé bá jẹ́ oníyàrá mẹ́rin, òyìnbó ń san dọ́là 26.68 lóṣù, ìyẹn bíi dọ́là kan nínú márùn-ún tó ń rí. Ará Harlem ń san dọ́là 38, ìyẹn sì ju dọ́là kan nínú mẹ́ta lọ. Àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì jẹ́ dọ́là 11 àti sẹ́ǹtì 32 lóṣooṣù. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wá dọ́là mọ́kànlá yẹn la fẹ́ sọ níbí, nítorí pé kò sí nínú owó iṣẹ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ta ló bu iye yẹn lé wọn lórí? Wọn kò kọ́ Harlem fún aláwọ̀ dúdú rárá. Nígbà tí ìròyìn kàn pé ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ yóò dé Lenox Avenue, òpópónà ńlá kan ní Harlem, àwọn oníṣòwò ilé sáré ra ilẹ̀, wọ́n ń kọ́ ilé alájà lé ara wọn lórí bí ẹni pé ilẹ̀ fẹ́ tán láyé, wọ́n ń retí àwọn òyìnbó tí wọn yóò ṣí wá láti ìsàlẹ̀ ìlú. Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1904. Ilé ti pọ̀ ju èèyàn lọ. Yàrá ṣófo, gbèsè báńkì ò sì ṣófo.

Àsìkò yẹn ni Philip A. Payton yọjú. Ọmọ Westfield ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ni, aláwọ̀ dúdú, ó ti ṣe onígbàjámọ̀, ó sì ti gbá ọ́fíìsì àwọn oníṣòwò ilé rí kó tó di pé òun náà wọ iṣẹ́ ọ̀hún. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe sọ ọ́, ìjà ló ṣílẹ̀kùn fún un: onílé méjì ní West 134th Street ń bá ara wọn fa wàhálà, ni ọ̀kan bá gbé ilé tiẹ̀ fún Payton pé kó kó aláwọ̀ dúdú kún un, kí ó lè dun ẹnì kejì. Ní 1904, ó dá ilé-iṣẹ́ Afro-American Realty Company sílẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́ kò ṣòro: ilé-iṣẹ́ náà á gba odidi ilé lọ́wọ́ onílé òyìnbó fún ọdún márùn-ún, á fún un ní iye kan tí kì í yẹ̀, á wá fi yàrá inú rẹ̀ háyà fún aláwọ̀ dúdú ní iye tó ga ju èyí tí òyìnbó ń san tẹ́lẹ̀ lọ. Onílé ò ní láti wo ojú ayálégbé kankan mọ́. Owó á máa dé bí òṣùpá.

Payton mọ ohun kan tí àwọn onílé kò tíì ronú kàn: ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn gbogbo mọ́ kì í yọwó. Kì í ṣe òun ló ti ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn. Ó jà fún àwọn èèyàn rẹ̀ pàápàá. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan tí wọ́n ń pè ní Hudson Realty ra ilé ní West 135th Street, tó sì lé àwọn aláwọ̀ dúdú inú rẹ̀ síta, Payton ra ilé méjì tó wà nítòsí rẹ̀, ó ní kí àwọn òyìnbó inú rẹ̀ máa lọ, ó sì kó àwọn tí wọ́n lé síbẹ̀. Hudson wá ta èyí tó rà padà fún un. Ìtàn tó dùn ún gbọ́ ni, ó sì yẹ kí á máa sọ ọ́. Síbẹ̀, ọkùnrin tó ṣílẹ̀kùn Harlem náà ló kọ́ àwọn onílé bí wọ́n ṣe ń kọ iye sára ilẹ̀kùn ọ̀hún. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wó ní 1908. Ẹ̀kọ́ tó kọ́ wọn kò wó.

Àwọn òyìnbó onílé mìíràn gbìyànjú láti dí ọ̀nà náà. Ní òpópónà kan sí èkejì, wọ́n jọ fọwọ́ sí ìwé pé fún ọdún mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn kò ní fi ilé háyà fún aláwọ̀ dúdú. Àwọn ìwé kan tilẹ̀ sọ iye ìránṣẹ́ aláwọ̀ dúdú tó lè wà nínú ilé kan. Ìwé náà ò dúró, nítorí pé ẹni tí yàrá rẹ̀ ṣófo fún oṣù mẹ́fà kì í rántí àdéhùn, pàápàá tó bá mọ̀ pé ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yóò san ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní 1911, ìjọ St. Philip's, ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú, ra ilé alájà mẹ́wàá ní West 135th Street ní 640,000 dọ́là. Òyìnbó nìkan ni wọ́n ń gbà sínú ilé wọ̀nyẹn tẹ́lẹ̀. Harlem yípadà, òpópónà dé òpópónà.

Àwọn tó ń bọ̀ kò sì dáwọ́ dúró. Wọ́n ń sá kúrò ní Gúúsù, ìyẹn àwọn ìpínlẹ̀ tó wà ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń so èèyàn kọ́ igi, tí oko òwú kò sì fún alágbàṣe ní nǹkan kan. Wọ́n ń bọ̀ láti àwọn erékùṣù Caribbean náà. Aláwọ̀ dúdú tó wà ní New York ní 1910 jẹ́ 91,709. Ní 1930, wọ́n ti di 327,706. Ìlú fẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n yọ̀ǹda fún wọn kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló bá ọ̀rọ̀ yìí mu jù. Bí kànga bá gbẹ, tí ẹnìkan ṣoṣo lágbègbè ní omi, kò sẹ́ni tí í béèrè bóyá omi náà mọ́. Omi tí wọn ò ní fi fọ ẹsẹ̀ nígbà òjò, wọ́n á tò fún un láti ìdájí, wọ́n á sì san iye tí olómi bá pè. Bí ó bá pọn, wọ́n á sẹ́ ẹ. Bí garawa bá ń jò, wọ́n á fi ọwọ́ dí i délé. Olómi náà kò ní tún kànga ṣe, nítorí kí ló fẹ́ tún un ṣe sí? Bó ṣe wù kí omi rí, ìlà kì í kúrú. Ẹni tó wá ń kọjá lọ, tó rí àwọn èèyàn tó ń mu omi pípọn, á ní àwọn èèyàn yìí ò mọ ìmọ́tótó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ̀rọ̀ Harlem. Ẹnikẹ́ni kò wo ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ó rí i pé òjò ń rọ̀ ní gbogbo ìlú yòókù, pé odi ni wọ́n mọ yí àwọn kan ká kí omi òjò má baà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ̀ẹ̀rùn àfọwọ́fà ni.

Báwo ni èèyàn ṣe ń gbé nínú ẹ̀ẹ̀rùn bẹ́ẹ̀? Ohun àkọ́kọ́ tí ìdílé ń ṣe ni kí wọ́n gba àlejò tó ń sanwó. Ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Georgia á gba ìdajì yàrá. Ọmọbìnrin tó ń fọṣọ fún òyìnbó á gba àga gígùn pálọ̀. Níbi tí ó bá ti le jù, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ á jọ pín ibùsùn kan: bí ọ̀kan bá ti ń dìde, èkejì ń sùn sí ojú ibẹ̀, ibùsùn náà kì í tutù. Ọ̀nà yìí wọ́pọ̀, ó sì ń mú owó wá, ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Ènìyàn ò lè gba àlejò kọjá iye ilẹ̀ tó wà nílé.

Ohun kejì ni àríyá owó ilé. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà.

Bí ọjọ́ tí wọn yóò gba owó ilé bá ti ń súnmọ́, tí ìyá ilé wo àpò tó rí i pé kò pé, yóò ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tẹ káàdì. Ọ̀kan nínú wọn, òyìnbó kan tí wọ́n mọ̀ sí Wayside Printer, ń ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ káàkiri àdúgbò. Káàdì náà kéré, kò ju èyí tí oníṣòwò ń fún èèyàn lọ. Wọn kì í sábà kọ owó ilé sí i. Wọ́n á pè é ní ìpàdé eré káàdì, tàbí ìkórajọ inú pálọ̀. Lórí rẹ̀ ni wọn yóò ti tẹ gbólóhùn méjì tó ń bára wọn rìn, tí etí ń gbọ́ bí ìgbà tí ìyá elẹ́kọ bá ń polówó: ohun tó lè mú kí ẹni tó ń kánjú dúró. Lẹ́yìn náà, orúkọ ẹni tó ń ṣe é, nọ́ńbà ilé àti àjà tí ó wà, ọjọ́, àti ìlérí pé orin dára, oúnjẹ sì wà. Langston Hughes, akéwì, fẹ́ràn àwọn káàdì yìí débi pé ó ń tọ́jú wọn. Wọ́n ṣì wà ní ilé ìkàwé Yunifásítì Yale títí dòní.

Wọ́n á fi káàdì lé ọ̀rẹ́ lọ́wọ́, wọ́n á fi lé ẹni tí wọn kò mọ̀ rí lọ́wọ́ ní igun òpópónà, wọ́n á há a mọ́ irin ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ agbéniròkè ní àwọn ilé ńlá. Ohun tó yẹ kí á kíyè sí nìyẹn. Àríyá ìdílé, ẹbí ni à ń pè. Àríyá yìí ń pe àlejò pọ́ńbélé, ó ń fi nọ́ńbà ilé rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ní àdúgbò tí ìdajì èèyàn inú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí ará Virginia kò mọ ará Barbados, pálọ̀ ẹnì kan ni ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́kọ́ rójú ara wọn.

Ọjọ́ méjì ló gbajúmọ̀ jù: Sátidé àti Tọ́sìdeé. Ti Sátidé kò ṣòro láti mọ̀, nítorí ìgbà yẹn ni àwọn tó ń gba owó ọ̀sẹ̀ ní nǹkan lápò, wọ́n sì lè sùn pẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Ti Tọ́sìdeé ló wúni lórí. Àwọn obìnrin tó ń se oúnjẹ, tó ń tọ́jú ọmọ nílé àwọn òyìnbó, tí wọ́n sì ń sùn síbẹ̀, alẹ́ Tọ́sìdeé ni wọ́n sábà máa ń yọ̀ǹda fún wọn. Gbogbo àdúgbò mọ̀. Ẹni tó ń wá owó ilé mọ̀ jù, nítorí pé owó tí àwọn obìnrin wọ̀nyẹn mú bọ̀ kì í ṣe owó tó ti ń yí po nínú Harlem, láti ọwọ́ òyìnbó ní ìsàlẹ̀ ìlú ló ti ń bọ̀. Owó titun ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́n á kó ilé tú. Ibùsùn, tábìlì, kọ́bọ́ọ̀dù, gbogbo rẹ̀ á lọ sílé aládùúgbò. Wọ́n á ká rọ́ọ̀gì. Wọ́n á yọ gílóòbù funfun, wọ́n á fi pupa tàbí búlúù sí i. Ohun tó bá kù ni dùùrù, tí í wúwo jù láti gbé, tí kò sì sí ìdí láti gbé e. Wọ́n á wá lọ yá àga. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sin òkú ni wọ́n sì ti ń yá a, nítorí pé àwọn ló ní àga tó pọ̀, tó ṣeé ká, tí ẹnikẹ́ni kò sì lò lóru. Àga tí àwọn opó jókòó sí lọ́sàn-án, òun ni àwọn ọ̀dọ́ ń fi ẹ̀wù lé lóru tí wọ́n bá fẹ́ jó.

Nínú ilé ìdáná, ìyá ilé ti wà nídìí ààrò láti àárọ̀: ẹja díndín, ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀, ìfun ẹlẹ́dẹ̀ tó ti sè fún wákàtí púpọ̀, ìrẹsì àti ẹ̀wà, ọ̀dùnkún tí wọ́n pò tutù. Oúnjẹ Gúúsù ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ ń rántí ilé. Lábẹ́ tábìlì ni ọtí àgbàdo wà, nítorí òfin ti ka ọtí léèwọ̀ jákèjádò Amẹ́ríkà láti 1920 títí di 1933. Bí àwọn ọlọ́pàá bá gbọ́, ó di wàhálà. Wọn kò tìtorí ẹ̀ dá ọtí náà dúró, òun ni èrè rẹ̀ pọ̀ jù.

Lẹ́nu ọ̀nà, ẹnìkan jókòó pẹ̀lú agolo. Owó ìwọlé yàtọ̀ láti ilé sí ilé, sẹ́ǹtì mẹ́wàá níbì kan, àádọ́ta níbòmíràn. Sẹ́ǹtì 25 ló wọ́pọ̀. Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìṣirò wa. Láti rí odidi owó ilé oníyàrá mẹ́rin, dọ́là 38, ó di dandan kí èèyàn 152 wọlé. Yàrá mẹ́rin kò lè gba iye yẹn. Ṣùgbọ́n láti rí dọ́là 11 àti sẹ́ǹtì 32, èèyàn 46 ti tó. Èèyàn 46 ń wọ yàrá mẹ́rin dáadáa tí wọ́n bá ti kó ibùsùn jáde. Nítorí náà, ẹni tó bá ní àríyá ló ń san owó ilé Harlem ṣì í sọ. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló ń san owó ilé, gẹ́gẹ́ bí ti gbogbo òṣìṣẹ́ ayé. Ohun tí àríyá ń san ni èlé tí wọ́n bù lé àwọ̀ wọn.

Dùùrù ló ń mú kí èèyàn 46 náà wá, kí wọ́n sì dúró títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò sí àyè fún ẹgbẹ́ olórin, kò sí owó wọn. Ẹnì kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ gbogbo wọn, láìsí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, nínú yàrá tí èèyàn ń pariwo. Ọ̀nà tí àwọn olórin Harlem gbà yanjú rẹ̀ ni èyí tí ọwọ́ òsì ń fò: ó gba ohùn ìsàlẹ̀ kan, ó fò sókè gba àkójọ ohùn àárín, ó tún padà sílẹ̀, ìsàlẹ̀, òkè, ìsàlẹ̀, òkè, kò dúró, kò yára, kò falẹ̀. Omele ni ọwọ́ yẹn. Ọwọ́ ọ̀tún ni ìyáàlù: òun ló ń sọ̀rọ̀, tó ń dárin, tó ń bú, tó ń yin, tó lè ya kúrò lójú ọ̀nà nítorí ó mọ̀ pé omele ń dúró dè é. Ìlù gan-an ni wọ́n sọ dùùrù dà, bí ilẹ̀ náà sì ṣe ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn oníjó, kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún wọn ìgbà tí wọn yóò gbẹ́sẹ̀. James P. Johnson, Willie "The Lion" Smith àti Fats Waller ni ọ̀gá lórí rẹ̀. Bí méjì nínú irú wọn bá pàdé nínú pálọ̀ kan, wọ́n á máa gba orí àga dùùrù lọ́wọ́ ara wọn, ọ̀kan á lù ú, èkejì á fèsì, títí ẹnìkan á fi gbà pé òun ti pàdé ẹni tó ju òun lọ. Àwọn èèyàn ń tẹ̀lé ìjà bẹ́ẹ̀ láti ilé dé ilé. Ìyá ilé tó bá rí wọn gbà ti rí owó ilé rẹ̀ ná.

Ó sì tọ́ kí á rántí pé ní àkókò kan náà, Cotton Club, ilé ijó alẹ́ kan, wà ní igun 142nd Street àti Lenox Avenue, láàárín Harlem níbẹ̀, tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń kọrin tí wọ́n ń jó lórí pèpéle rẹ̀, tí wọn kì í sì í gbà wọ́n wọlé bí oníbàárà. Òyìnbó láti ìsàlẹ̀ ìlú ni wọ́n ṣe é fún. Pálọ̀ tí wọ́n kó ibùsùn kúrò nínú rẹ̀ ni ọmọ Harlem ti ń gbọ́ orin tí Harlem dá sílẹ̀.

Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ ètò yìí lè sọ pé èsúsú ni. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí á ṣọ́ra. Àríyá owó ilé kò ti ọ̀dọ̀ wa wá tààrà. Láti inú àsè ẹja díndín àti ìkówójọ ìjọ ní àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù ló ti hù. Èsúsú gan-an wà ní Harlem lọ́tọ̀. Àwọn ará Caribbean ló gbé e dé, orúkọ náà sì ṣì wà lẹ́nu àwọn ọmọ Trinidad tí wọ́n ń pè é ní súsú, nígbà tí àwọn ará Jàmáíkà ń pè é ní partner. Ní 1930, àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sí ilẹ̀ òkèèrè lé ní 50,000 ní New York, Caribbean ni ọ̀pọ̀ wọn sì ti wá. Nínú súsú, wọ́n ń mọ ara wọn, wọ́n ń ka iye, ìyá àjọ kan ń mójú tó o, ìgbà ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń pé. Àríyá owó ilé kò ní ìwé, kò ní olórí, kò ní ìbúra. Mo wá sílé rẹ lọ́sẹ̀ yìí, ìwọ tàbí ẹlòmíràn á wá sílé mi lóṣù tó ń bọ̀. Bí o kò bá wá, kò sí ẹni tó máa pè ọ́ lẹ́jọ́. Síbẹ̀ wọ́n ń wá. Ohun tó mú kí wọ́n máa wá ni pé ohun tí wọ́n ń san ní sẹ́ǹtì 25 fún kì í ṣe ìrànlọ́wọ́ nìkan. Ẹni tó sanwó ń jó, ó ń jẹun, ó lè pàdé ìyàwó. Ìtìjú ò sí níbẹ̀. Ìyá ilé kò ṣagbe, àlejò kò ṣàánú. Láàárín gbogbo ọgbọ́n tí àwọn aláìní ti dá láyé láti ran ara wọn lọ́wọ́, díẹ̀ ló bo ojú ẹni tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́ dáadáa bí èyí.

Àbùkù rẹ̀ wà nínú ibi tí owó náà ń lọ. Àjọ máa ń yí owó po. Bó pẹ́ bó yá, ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dá ń padà sọ́wọ́ rẹ̀ lódindi, ó sì lè fi ra màlúù tàbí kí ó fi kọ́lé. Owó àríyá Harlem ń yí po láti pálọ̀ sí pálọ̀ títí di ọjọ́ kìíní oṣù, ó wá jáde kúrò ní àdúgbò. Kò sí ìdílé tí gbèsè rẹ̀ dín kù. Ọgbọ́n náà kàn ń gbé owó lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ pé. Bí ó sì ṣe ń ṣiṣẹ́ dáadáa tó ni onílé ṣe ń rí i pé dọ́là 9.50 ṣeé gbà. Àwọn tó dá ọgbọ́n yìí kọ́ ló jẹ̀bi, kò sì sí ohun mìíràn tó wà lọ́wọ́ wọn. Ìlú tó jẹ́ kí obìnrin kan máa din ẹja títí di aago mẹ́ta òru kí ó lè san ohun tí aládùúgbò òyìnbó rẹ̀ kò san, òun ló yẹ kí ojú tì.

Nígbà tó yá, àríyá náà yàtọ̀. Àwọn kan sọ ọ́ di iṣẹ́ pátápátá, wọ́n ń ṣe é yálà owó ilé pé tàbí kò pé. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn 1929, sẹ́ǹtì 25 di ohun àwátì. Nígbà tí wọ́n sì tú òfin ọtí ká ní 1933, ilé ọtí ṣí sí igun gbogbo, ọtí abẹ́ tábìlì kò sì fa èèyàn mọ́ra bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìwé àdéhùn tí ń dí aláwọ̀ dúdú lọ́nà ní àwọn àdúgbò mìíràn pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó di 1948 kí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà tó sọ pé kóòtù kankan kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣẹ mọ́.

Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan láàárín àwọn ọdún 1920, ilẹ̀kùn ti dákẹ́. Wọ́n ti gbá ilẹ̀. Ìyá ilé jókòó sí ilé ìdáná pẹ̀lú ìsàlẹ̀ agolo, ó ń to owó ẹyọ ní mẹ́rin mẹ́rin, mẹ́rin ni dọ́là kan. Ọkọ rẹ̀ àti aládùúgbò ń gbé ibùsùn wọlé padà, wọ́n ń yí i gba inú kọ́rídọ̀ tóóró náà. Ọmọkùnrin kan ń ká àwọn àga mọ́ra, ó ní láti dá wọn padà kí ó tó di ọ̀sán, nítorí òkú kan wà tí wọ́n fẹ́ sin.